Àtẹ́wọ́ Méjì ní Igbó Ọyẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé yìí lọ́wọ́, ẹ dúró ná. Bí ẹnì kan bá ń sùn nínú ilé tí ẹ jókòó sí, ẹ má kà á sókè. Bí ẹ bá sì kà á dé ibi tí ó dùn mọ́ yín, ẹ má pàtẹ́wọ́. Mo bẹ̀ yín. N kò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà yín lásán. Ẹ̀rù ń ba èmi náà bí mo ti ń kọ ọ́. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ń kọsẹ̀, ẹ bá mi dì í mú, kí a jọ máa lọ.

Ọdẹ́rìndé ni orúkọ mi, ọmọ Ìgbójà ni mí, ó sì ti pé ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣọdẹ. Èmi àti ẹfọ̀n ti wojú ara wa rí, òun ló kọ́kọ́ wolẹ̀. Erè ti we mọ́ mi lẹ́sẹ̀ rí, mo sì jẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ojo ni mí. Ṣùgbọ́n akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bógun lọ, èmi sì mọ ìsá, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi, Ògúndèyí, ló kọ́ mi ní méjèèjì. Òun ló kọ́ mi ní òfin tó le jù lọ nínú òfin ọdẹ Ìgbójà: a kì í pa ẹran tó ń sùn. Bí o bá bá a lójú oorun, gbé ìbọn sílẹ̀, kí o pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Àkọ́kọ́ ni kí ó jí, èkejì ni kí ó mọ ẹni tó wá, ẹ̀kẹta ni kí ó sá. Lẹ́yìn náà ni ìbọn tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi a sì máa fi kún un pé bí mo bá pàtẹ́wọ́ mẹ́ta tí ẹran náà kò sá, kí n kí i kí n sì dọ̀bálẹ̀, àna mi ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí n tó tẹ̀síwájú. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, odò gbé mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi ló fi irun orí fà mí jáde. Ní etídò yẹn ló sọ mí ní orúkọ kan. Ó ní kí n má sọ ọ́ fún ìyá wa pàápàá, kí ohun kan má baà fi ohùn òun pè mí nínú igbó. Láti ọjọ́ náà, bí ìkùukùu bá yà wá lọ́dẹ, orúkọ yẹn ni yóò fi pè mí. Bí ó bá pè mí ní Ọdẹ́rìndé, n kò ní dáhùn, nítorí ohunkóhun lè pe Ọdẹ́rìndé. Àwa méjì nìkan la mọ̀ ọ́n lórí ilẹ̀ ayé.

Bàbá wa ṣubú ní ìdí àwo iṣu, kò dìde mọ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ń pọ́n àdá níwájú ilé, àdá bọ́, òun náà bọ́ tẹ̀ lé e. A gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan ọpọlọ rẹ̀ mọ́, apá náà sì ti kú kí a tó dé. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn lọ. Ọkùnrin tó ń súfèé tí àparò ń dá a lóhùn! Kò pẹ́ sí i, ìka ọwọ́ òsì tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri láàárọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn ń jí, mo ń lọ sídìí dígí láti wò bóyá ẹnu mi ti ń yí. Ìyàwó mi bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ṣé ìyàwó tuntun ni mo ń múra dè. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń wo ẹ̀rín náà nínú dígí, bóyá ó gún.

Ní ọsibítù yẹn ni mo ti mọ Dókítà Ìyùnadé. Obìnrin kékeré ni, kì í pariwo, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wádìí ọpọlọ. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹran kan tó ń sùn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ títí òjò yóò fi dé, tí ara rẹ̀ ń tutù bí òkú, tí ọkàn rẹ̀ ń lù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó gbàgbé. Ó ní ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọpọlọ ẹran bẹ́ẹ̀ nígbà oorun, bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, yóò ti kú, ṣùgbọ́n bí ẹran náà bá jí, kò gbàgbé ọ̀nà ihò rẹ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Asùnmákùú là ń pè é ní Ìgbójà, kò ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ, irun rẹ̀ dà bí eérú. Ohun tí n kò tètè sọ ni pé Igbó Ọyẹ́ nìkan ló ń gbé, ọdẹ Ìgbójà kì í sì í lọ síbẹ̀. Nígbà tí mo ní n ó lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú.

“Bàbá Ọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà pé mo ṣèlérí. Ẹran yìí kò ní gbé ẹ̀gbọ́n yín dìde. A fẹ́ mọ bí ó ṣe ń dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀ ni, kí a lè fi ran ẹni tí yóò ṣubú lẹ́yìn ọ̀la lọ́wọ́.”

Ẹni tí yóò ṣubú lẹ́yìn ọ̀la. Mo fi ọwọ́ òsì mi sápò kí ó má baà rí i. Ó fún mi ní kúlà pupa kan tí yìnyín wà nínú rẹ̀, ó ní kí n gbé ẹran náà bọ̀ ní tútù, ní ojú oorun, kí n má jí i. Mo ní mo gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé mo ní mo gbọ́.

N kò ní fi ìrìn ọjọ́ méjì dá yín dúró. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a mọ Igbó Ọyẹ́ nípa pé èémí máa ń di èéfín lẹ́nu ẹni ní ọ̀sán gangan. Ẹyẹ kankan kò ké. Ewé bọ́ lójú mi, kò dún nígbà tó kanlẹ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn, mo ń wo iwájú, mo sì rí i pé igi tí mo fara tì ní orúnkún. Mo gbé ojú sókè. Ẹ̀dá kan ló dúró lé mi lórí, ó ga bí ọ̀pẹ, kò ní ojú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, wọ́n sì ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Elétí-Kókò ni, olùṣọ́ ibẹ̀. Ó ní òun ti ń gbọ́ mi bọ̀ láti àná, ó ní ọkàn mi ń dún bí ẹni tó ń gúnyán fún ogún àlejò. Ó fi ìka kan ti kúlà mi, ó béèrè bóyá mo wá ta ọtí tútù fún wọn ni. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, eyín mi ń gbá ara wọn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló ṣubú, ẹran kan ṣoṣo ni mo wá wá, láàyè ni mo sì fẹ́ ẹ. Ó tẹ́tí sí ọkàn mi bóyá irọ́ wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n wọlé, kí n bọ́ bàtà, kí n má wúkọ́, kí n má sín. Ó ní bí oorun bá dàrú níbẹ̀, ibikíbi tí mo bá sá sí, ọkàn mi ni òun yóò máa gbọ́ tẹ̀ lé.

Ihò ńlá kan ni mo wọ̀, òkè rẹ̀ là, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán sì ń wọlé ní funfun bí omi ògì. Gbogbo ohun tó ń sùn lábẹ́ ọ̀run ló wà níbẹ̀. Ìgbín tó fi awọ funfun dí ẹnu wà níbẹ̀, ìjàpá tó ti wọ inú ara rẹ̀ lọ wà níbẹ̀, àdán sì so rọ̀ bí àkísà lórí okùn. Láàárín wọn ni àwọn asùnmákùú dùbúlẹ̀ sí, wọ́n ká sára bí òwú, wọ́n pọ̀ ju ohun tí mo lè kà. Mo wo ọ̀kan, mo ń ka iye. Mo ka ọgọ́rùn-ún kí àyà rẹ̀ tó gbé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti rí òkú, mo ti rí alààyè. Ohun tí kò jẹ́ èkíní, tí kò sì jẹ́ èkejì, ẹ̀rù rẹ̀ kò ṣeé gbé fún ẹnì kan ṣoṣo. Mo fẹ́ yí padà. Ìgbà náà ni òkìtì ewé gbígbẹ tó wà ní àárín ihò ṣí ojú kan.

Ìyá Ọ̀gìnnìtìn nìyẹn, ẹni tó ń tọ́jú olóorun. Ara rẹ̀ rí bí èèpo igi. Bí ó bá sọ ọ̀rọ̀ kan, yóò sinmi kí ó tó sọ èkejì, àárín méjèèjì sì gùn tó kí ènìyàn bó iṣu tán. Ó ní òun mọ ohun tí mo wá ṣe, ṣùgbọ́n òun kì í gbé ọmọ fún òpè. Ó ní kí n já àlọ́ kan.

“Kí ló ń wó ilé ara rẹ̀ nígbà ọyẹ́, tó ń tún un kọ́ nígbà òjò, tí kì í ṣi ibi tí ilẹ̀kùn wà?”

Mo ní ikán ni. Ó ní ikán ti jẹ orí mi tán ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún ronú, òógùn ń bò mí nínú òtútù. Mo rántí igi àràbà ẹ̀yìnkùlé wa, bí ó ṣe ń wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọmọdé a ní ó ti kú. Mo ní igi ni.

“O súnmọ́ ọn. Igi ni, ṣùgbọ́n inú agbárí ló hù sí. Tiyín kì í ká ẹ̀ka. Bí omi bá gbẹ nídìí rẹ̀, gbogbo ẹ̀ka ni yóò ké òǹgbẹ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì kú kí a tó jẹun tán. Àwọn ọmọ mi ń ká ẹ̀ka wọn kí omi tó gbẹ. Ìwọ̀nba tó kù a tó wọn. Bí òjò bá dé, wọn a tún na ẹ̀ka síbi tó wà tẹ́lẹ̀.”

Ó ya mí lẹ́nu, nítorí ohun tí Dókítà fi ọ̀rọ̀ ìwé sọ fún mi nìyẹn, tí mo ń mi orí tí n kò mọ ohun tí mo ń mi orí sí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yá mi ní ọ̀kan. Ó ní òun yóò yá mi, kí n dá a padà kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ṣùgbọ́n kí n gbé e bí mo ṣe bá a, nítorí ohun tí a bá rọra mú kì í bàjẹ́. Ó ní bí ó bá máa jí, díẹ̀díẹ̀ ni kí ara rẹ̀ fi móoru. Bí ohun kan bá jí i lójijì, gbogbo ẹ̀ka ni yóò béèrè omi nígbà tí omi kò tíì dé. Lẹ́yìn náà ó ní kí n fi nǹkan dógò. Mo na ìbọn sí i, kò wò ó. Mo na kúlà sí i, ó kan rẹ́rìn-ín, ewé bọ́ lára rẹ̀. Ó ní ẹ̀ka kan nínú igi orí tèmi ni òun fẹ́, òun yóò ká a mọ́ ọ̀dọ̀ òun títí n ó fi padà dé. Ó sì mọ èyí tó fẹ́. Orúkọ etídò ni.

Ẹ dá mi lẹ́jọ́ bí ẹ bá fẹ́. Mo rò ó pé ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ta ni yóò tún fi orúkọ yẹn pè mí? Mo gbé iwájú orí sílẹ̀ fún un. Ó fi ìka kàn mí, ìka náà tutù bí irin òwúrọ̀, mo sì mọ̀ pé nǹkan ká nínú mi. Mo rántí odò. Mo rántí ọwọ́ tó di irun mi mú. Mo rántí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi tó ń mì. Ohun tó ti ẹnu náà jáde, àlàfo ni.

Ó ní kí n mú èyí tó wù mí. Mo kúnlẹ̀ nídìí ọ̀kan tó kéré, mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo ṣí kúlà. Ẹ gbọ́ mi o. N kò ṣe é ní àfojúdi. Bí ọwọ́ bá ti mọ iṣẹ́ kan fún ọgbọ̀n ọdún, kì í béèrè lọ́wọ́ orí mọ́. Ẹran ló wà níwájú mi, ó ń sùn, mo sì fẹ́ mú un. Mo pàtẹ́wọ́.

Àkọ́kọ́ dún. Èkejì dún. Ẹ̀kẹta ti gbéra kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo sì dá a dúró ní òfurufú bẹ́ẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ń wo ara wọn. Ṣùgbọ́n ihò yẹn ti gbé méjì àkọ́kọ́ yípo, ó ń dá a padà, ó ń dá a padà. Àwọn tó súnmọ́ mi jù lọ fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wọn là sílẹ̀ gbòò, wọ́n ké bí ọmọ tuntun, wọ́n sì ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ yọ nímú wọn. Mo ka mọ́kànlá kí ojú mi tó ṣú. Ojú kejì Ìyá Ọ̀gìnnìtìn ṣí. Ó béèrè ẹni tó kọ́ mi ní ohun tí mo ṣe yẹn. N kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé èyí tó wà níwájú mi sínú kúlà, ó ti ń gbọ̀n, mo sì sá. Ìbọn bàbá mi wà níbẹ̀ di òní.

Mo gbọ́ Elétí-Kókò lẹ́yìn mi, igi ń ṣẹ́ bí igi ṣáná. Bí mo bá yà sọ́tùn-ún, ó yà. Bí mo bá yà sósì, ó yà. Ọkàn mi ló ń tọ́ka mi fún un. Ìgbà yẹn ni ohùn ẹ̀gbọ́n mi sọ láti inú ìkùukùu, ohùn rẹ̀ gan-an, kí àrùn tó mú un, ó ń pe ọ̀rọ̀ kan. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. N kò mọ ọ̀rọ̀ náà. N kò gbọ́ ọ rí láyé mi. Nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n, n kò dáhùn, n kò sì dúró, ìyẹn ló gbà mí. Mo já sí odò kékeré kan tó tutù bí ikú, mo tẹ́ gbalaja sínú rẹ̀, imú mi nìkan ló yọ sókè. Mo ní, Ọdẹ́rìndé, ṣe bí àwọn tí o rí. Mo fa èémí kan, mo ka ogún. Mo fa òmíràn, mo ka ọgbọ̀n. Òtútù wọ mí dé eegun, ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ó ń lù díẹ̀, ó ń sinmi. Elétí-Kókò dúró lórí mi. Etí rẹ̀ kan omi. Mo gbọ́ tó ní òkú ni èyí, ó sì kọjá.

Nígbà tí mo jáde, mo ṣí kúlà. Ẹran náà ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ là ní ìlàjì. Gbogbo ara mi fẹ́ kí n gbé e sáyà kí ó móoru. Mo kọ̀ fún ara mi. Ewé tútù ni mo fi bò ó, mo rọra rìn bí ìgbín tó ń gungi, títí mo fi dé ọ̀dọ̀ Dókítà. Ó gbé e sí yàrá tútù, ó ń fi ooru kún un díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni kò fi kúrò nídìí rẹ̀. Ẹran náà jí, ó jẹ ẹ̀pà. Dókítà wo ọpọlọ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ nígbà tí ó ṣì tutù àti nígbà tí ó móoru. Ó fi hàn mí, ó ní ohun tó wà níbẹ̀ yóò kọ́ àwọn bí a ṣe lè mú kí ọpọlọ ènìyàn béèrè díẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì jìn. Nígbà tí mo ní ọjọ́ ìdápadà ti pé, kò bá mi jiyàn. Mo gbé e dé ẹnu igbó kí àkọ́rọ̀ òjò tó rọ̀. Elétí-Kókò gbà á lọ́wọ́ mi. Mo béèrè ohun tí mo fi dógò.

“Mọ́kànlá kú,” ó ní. “Ohun tí o fi dógò la ti gbà dípò wọn.”

Obìnrin kan wà ní ọsibítù yẹn tó ń kọ́ àwọn tí ohùn wọn lọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Oṣù márùn-ún ló fi bá ẹ̀gbọ́n mi fà á. Ó kọ́kọ́ sọ “omi”. Ó sọ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì sunkún. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo wọlé, ó rí mi, ó gbé ọwọ́ òsì sókè pé kí n súnmọ́. Ó ti ń gbìyànjú rẹ̀ láti àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Itọ́ ń dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ fún mi ní ẹ̀bùn, ó kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó sì sọ ọ́ jáde, ó mọ́ kedere.

Ọ̀rọ̀ tó lé mi nínú ìkùukùu ni. Ọ̀kan náà gan-an. N kò mọ ìgbà tí mo fi ẹ̀yìn rìn dé ẹnu ọ̀nà, apá mi bo orí. Nígbà tí mo gbé apá kúrò, mo rí i lójú ẹ̀gbọ́n mi pé ó rò pé òun ni mo ń sá fún. Orí mi sọ fún mi nígbà náà pé orúkọ etídò ni ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n orí nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ara mi kò mọ̀ ọ́n. Di bí mo ti ń kọ èyí, bí mo bá rántí rẹ̀, ẹsẹ̀ mi a fẹ́ sá. Mo padà sídìí bẹ́ẹ̀dì, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè. N ó dáhùn.”  Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyìí, ó ń béèrè omi, ó ń bú adìẹ tó wọ yàrá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó pa ẹnu rẹ̀ dé, ó yí ojú sí ògiri, àti láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí mo bá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pè mí, ògiri náà ló ń wò.